Ta Ni Ọ̀tá Baba Ńlá Wa? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ìbéèrè Ìṣáájú Nínú Eré King of Dragon Pass

Ìfáárà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ni ó mú kí n tún òwe yìí rò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní géèmù, ní àkókò ìsinmi. King of Dragon Pass ni orúkọ eré náà. Ọ̀kan nínú wọn ń bínú. Ó ní eré náà kò dára, pé àwọn ènìyàn ìdílé tí òun ń ṣe àkóso rẹ̀ ti kẹ̀yìn sí òun. Ó ní òun bá àwọn aládùúgbò kan ṣọ̀rẹ́, òun fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí wọn, kàkà kí inú àwọn ènìyàn òun dùn, ńṣe ni wọ́n ń kùn. Mo bi í léèrè pé, "Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bi ọ́ pé ta ni ọ̀tá àwọn baba ńlá rẹ, kí ni o fi dáhùn?" Ó dá mi lóhùn pé, "Sà, n kò ka ibẹ̀ yẹn. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni, kí eré lè tètè bẹ̀rẹ̀."

Ìdáhùn ọmọ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí òun rò pé kì í ṣe ara eré ni ìpìlẹ̀ eré náà. Mo sì rò ó pé bí ó ti ṣe sí eré yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe sí ìtàn: wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ, kí ìdánwò lè tètè parí.

Nínú iṣẹ́ yìí, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ ṣe. Èkíní, a ó tọpinpin bí ìbéèrè nípa ohun àtẹ̀yìnwá ṣe di ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré. Èkejì, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ìbéèrè tí King of Dragon Pass fi bẹ̀rẹ̀, àti bí ìdáhùn sí wọn ṣe ń bá ìdílé inú eré náà rìn títí dé òpin. Ẹ̀kẹta, a ó wo ohun tí èyí lè fi yé àwa olùkọ́ àti olùṣèdánwò nípa ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ìlò rẹ̀ láwùjọ. A kò sọ pé kí á gbé géèmù wọ inú ìlànà ẹ̀kọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ọgbọ́n kò mọ sí ibì kan.

Bí ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ṣe wọ inú eré

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Eré orí tábìlì ni, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Àwọn ènìyàn yóò jókòó yí tábìlì ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn nínú ìtàn tí wọn jọ ń hun. Láti dá ẹni inú ìtàn yìí, dáìsì bí irú èyí tí a fi ń ta lúdò ni wọn máa ń dà, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, nígbà mẹ́fà: fún agbára ara, òye, ọgbọ́n, ìlera, ìyára ọwọ́ àti ìwúrí láàárín ènìyàn. Iye tí dáìsì bá mú wá ni ẹni náà. Òfin eré náà kò béèrè baba rẹ̀, kò béèrè ìlú rẹ̀. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1977, Marc Miller gbé Traveller jáde. Eré tábìlì ni èyí náà, ṣùgbọ́n ìtàn ìrìn-àjò láàárín àwọn ìràwọ̀ ni tirẹ̀. Ohun tuntun tí ó mú wá ni pé ẹni inú ìtàn gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ kan rí kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ ológun, ó lè jẹ́ oníṣòwò. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni sáà iṣẹ́ náà, ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan ni aṣeré yóò sì pinnu bóyá kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kí ó fi sáà mìíràn kún un. Bí ó bá ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ ni ìmọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ sókè. Ní ìlànà àkọ́kọ́ yẹn, bí dáìsì bá burú, ẹni náà lè kú sẹ́nu iṣẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i kedere pé ohun àtẹ̀yìnwá ní èrè, ó sì ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ní 1985, Richard Garriott gbé Ultima IV jáde, orí kọ̀ǹpútà ni ti èyí. Níbẹ̀, dáìsì kò sọ ẹni tí aṣeré jẹ́ mọ́. Obìnrin aríran kan tí ó ń fi káàdì woṣẹ́ ni yóò bi aṣeré ní ìbéèrè méje. Ìwà rere mẹ́jọ ni eré náà dá lé: òtítọ́, àánú, ìgboyà, ẹ̀tọ́, ìfara-ẹni-rúbọ, iyì, ìfọkànsìn àti ìrẹ̀lẹ̀. Méjì méjì ni aríran náà ń mú wọn kọlu ara wọn. Bí òtítọ́ yóò bá ṣe aláìní ní jàǹbá, ṣé òtítọ́ ni ìwọ yóò mú tàbí àánú? Èyí tí aṣeré bá mú yóò bá òmíràn pàdé, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ni yóò sọ irú ẹni tí aṣeré jẹ́ àti ìlú tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀. Ẹni tí ìrẹ̀lẹ̀ bá kù sí lọ́wọ́ yóò di olùṣọ́-àgùntàn, ẹni tí ìgboyà bá kù sí lọ́wọ́ yóò di jagunjagun.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn eré mẹ́ta yìí. Ti àkọ́kọ́ béèrè agbára, ti ìkejì béèrè iṣẹ́, ti ìkẹta béèrè ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bi léèrè, nípa ara rẹ̀ nìkan. King of Dragon Pass, tí ó jáde ní 1999, ni ó yí ìbéèrè náà padà. Kò bi ẹnì kan pé irú ènìyàn wo ni ọ́. Ohun tí ó béèrè ni pé, "Irú ìdílé wo ni yín, kí sì ni àwọn baba ńlá yín ṣe?"

Ayé Glorantha

A kò lè lóye àwọn ìbéèrè náà láìmọ ayé tí wọ́n ti jáde wá. Glorantha ni orúkọ ayé yìí. Àròsọ ni. Greg Stafford ni ó dá a sílẹ̀, ọdún 1966 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, nígbà tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní 1975, ó dá ilé-iṣẹ́ Chaosium sílẹ̀ láti gbé eré kan jáde tí ó pè ní White Bear and Red Moon, ilẹ̀ Dragon Pass ni àwòrán ilẹ̀ inú rẹ̀. Ní 1978, RuneQuest, eré orí tábìlì, tẹ̀ lé e. Stafford kú ní 2018. Láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ó jẹ ẹ́ lógún jù lọ: ìtàn àwọn òrìṣà, àti bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn lórí ìtàn náà.

David Dunham ni ó gba àṣẹ láti sọ ayé yìí di eré kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni A Sharp, ní Amẹ́ríkà. Robin Laws ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Eré náà kò ní àwòrán tí ń sáré kiri. Àwòrán tí a fi ọwọ́ kùn àti ọ̀rọ̀ kíkà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Aṣeré yóò ṣe olórí ìdílé kan láti ọdún dé ọdún. Yóò máa pín oko, yóò máa ka màlúù nítorí màlúù ni ọrọ̀ wọn, yóò máa rúbọ sí àwọn òrìṣà, yóò máa gba àlejò, yóò máa parí ìjà. Ìgbìmọ̀ ẹni méje ni yóò máa gbà á nímọ̀ràn, kálukú pẹ̀lú òrìṣà tí ó ń sìn. Iye méje yìí kò ṣẹlẹ̀ lásán. Nínú ìtàn wọn, àwọn méje ni wọ́n jọ rin ìrìn-àjò tí ó gba ayé là, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Nípa bí wọ́n ṣe ń gbé, àwọn ará ìdílé yìí jọ àwọn ará àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹrú, òmìnira àti jagunjagun nínú eré náà wá láti inú àwọn èdè ibẹ̀. Wọ́n ní owó ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ohun tí a ń san fún ìdílé ẹni tí a pa kí ìgbẹ̀san má baà wáyé. Ohun kan náà sì wà nínú òfin àwọn Jámánì ìgbàanì. Ìjọra mìíràn tún wà. Láàárín nǹkan bí ọdún 870 sí 930 ni àwọn ènìyàn láti Norway lọ tẹ Iceland dó. Ìwé Landnámabók ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó àti ilẹ̀ tí kálukú gbà. Nínú àwọn ìtàn ìdílé tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà, bí Egils saga, kì í ṣe akọni fúnra rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Baba ńlá rẹ̀ ni, ìjà tí ó bá Ọba Harald jà ní Norway, àti bí ìdílé náà ṣe gba ojú òkun lọ. Ọ̀nà kan náà ni eré yìí gbà. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sá fún alágbára kan tí wọ́n ń pè ní Pharaoh, wọ́n sì wọ ilẹ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí àwọn dírágónì ti pa gbogbo àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí ó sá kúrò nílé ni ìtàn ilé máa ń ṣe pàtàkì sí jù.

Àwọn ìbéèrè náà

Kí aṣeré tó rí oko tàbí màlúù kan, eré náà yóò máa sọ ìtàn fún un láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wá. Ní àwọn oríta kan, ìtàn náà yóò dúró, yóò sì bi í pé, "Kí ni àwọn baba ńlá yín ṣe níbí?" Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè náà ni a ó yẹ̀ wò. Mẹ́rin ni a ó mú.

Èkíní jẹ mọ́ ogun àti àlàáfíà. Ohun tí aṣeré bá sọ pé àwọn aṣíwájú ìdílé rẹ̀ ṣe ní ìgbà ìwáṣẹ̀ ni yóò pinnu bóyá ìdílé ogun ni wọn, tàbí ìdílé àlàáfíà, tàbí èyí tí ó wà láàárín méjèèjì.

Èkejì ni ìbéèrè nípa ọ̀tá. Ìtàn náà yóò ka àwọn ẹ̀yà tí ó bá àwọn ènìyàn ìjì jà láyé àtijọ́, aṣeré yóò sì mú ọ̀kan tí ìdílé rẹ̀ kórìíra jù. Àwọn kan lára wọn kì í ṣe ènìyàn rárá. Bí àpẹẹrẹ, àwọn tí wọ́n ń pè ní trolls jẹ́ ẹ̀dá òkùnkùn.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè nípa ẹrú. Ṣé àwọn baba ńlá yín máa ń sọ ẹni tí wọ́n bá kó lógun di ẹrú, àbí wọ́n kọ̀ ọ́? Eré náà kò wí pé ìdáhùn kan ni ó tọ́. Yóò kàn gba ohun tí a bá sọ, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ìtàn yóò sì máa lọ.

Ẹ̀kẹrin jẹ mọ́ àwọn dírágónì. Nígbà kan nínú ìtàn Glorantha, àwọn ènìyàn kan fi òrìṣà ìbílẹ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà àwọn dírágónì, wọ́n sì di ìjọba ńlá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba náà wó. Aṣeré yóò sọ bóyá àwọn baba ńlá rẹ̀ bá wọn lọ tàbí wọ́n dúró ti ìṣe ìbílẹ̀.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, olùkọ́ ni. Aṣeré kò mọ ohunkóhun nípa Glorantha nígbà tí ó jókòó, ṣùgbọ́n kí ó tó dáhùn tán, ó ti mọ orúkọ àwọn òrìṣà, ó ti mọ ìjà tí wọ́n jà, ó ti mọ ìdí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi wà níbi tí wọ́n wà. Wọn kò kó ìtàn náà lé e lórí bí ẹrù, ńṣe ni wọ́n ní kí ó bá wọn pinnu. Ohun tí ènìyàn bá sì pinnu kì í tètè kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ́ ni. Bí aṣeré ṣe ń dáhùn ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di okùn mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bí ìdáhùn ṣe ń di ẹrù ọ̀la

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ọmọ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ pé trolls ni òun tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ìdílé òun. Nígbà tí ó rí wọn ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ọmọ yóò ṣe: ó wá àlàáfíà. Ní ti ìdílé mìíràn, ìwà ọgbọ́n ni. Ní ti ìdílé rẹ̀, ó ti ṣẹ̀ sí àwọn baba ńlá. Kì í ṣe pé eré náà sọ pé àlàáfíà burú. Ohun tí ó ń sọ ni pé olórí kò lè ṣe ohun tí ó wù ú láìka ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà pé àwọn jẹ́ sí. Bí ó bá fẹ́ yí ìṣe padà, ó lè yí i padà, ṣùgbọ́n yóò san nǹkan kan lé e.

Bákan náà ni ti ogun àti àlàáfíà. Ohun tí àwọn ará ìdílé ogun ń retí lọ́wọ́ olórí wọn yàtọ̀ sí ti àwọn ará ìdílé àlàáfíà. Ìwà kan náà tí yóò mú kí wọ́n yin olórí kan lè mú kí wọ́n bú òmíràn.

Ibi tí ìtàn ìwáṣẹ̀ ti wá lágbára jù nínú eré náà ni ìrìn-àjò sí ayé àwọn òrìṣà. Ẹnì kan láti inú ìdílé yóò wọ inú ìtàn ìwáṣẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì ṣe ohun tí òrìṣà ṣe ní àkọ́dá. Bí ó bá ṣe é bí òrìṣà ti ṣe é, yóò mú ìbùkún bọ̀ wá ilé. Bí ó bá ṣìnà, ó lè fara gbọgbẹ́, ìdílé yóò sì pàdánù. Ìtàn náà wà lárọ̀ọ́wọ́tó aṣeré láti kà kí ẹni náà tó lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀nà bá pín, aṣeré ni yóò rántí èyí tí òrìṣà gbà. Ẹni tí ó kà á láìfọkànsí kò ní í mọ̀ ọ́n. Èmi kò tíì rí ìdánwò ìtàn kan tí ó fi hàn ju èyí lọ pé mímọ ìtàn yàtọ̀ sí gbígbọ́ ọ.

Nígbà gbogbo ni eré náà sì ń kọ ìtàn ìdílé sílẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí a bá ṣí àkọsílẹ̀ náà, a ó rí àwọn ìdáhùn ìṣáájú níbẹ̀, a ó sì rí ohun tí aṣeré ṣe lẹ́yìn náà pẹ̀lú. Kò sí ààlà láàárín ìtàn baba ńlá àti ìtàn ọmọ. Ohun tí a yàn àti ohun tí a ṣe wà nínú ìwé kan náà.

Ìtàn kan, ẹnu méjì

Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ Glorantha, Orlanth, òrìṣà ìjì, pa Yelm, ọba àwọn òrìṣà, tí í ṣe òòrùn. Àwọn ènìyàn ìjì ní aninilára ni Yelm, pé Orlanth gba ayé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òòrùn kú, òkùnkùn bolẹ̀, yìnyín dé, ayé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Nígbà náà ni Orlanth gbà pé òun jẹ̀bi. Òun àti àwọn mẹ́fà tí ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n jẹ́ méje lápapọ̀, rìn lọ sí ilẹ̀ àwọn òkú láti lọ bá ẹni tí ó pa làjà, kí ó lè mú un padà wá. Ìpadàbọ̀ òòrùn yìí ni wọ́n fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìgbìmọ̀ ẹni méje inú eré náà kò ṣẹlẹ̀ lásán.

Ní 2018, ilé-iṣẹ́ A Sharp kan náà gbé eré mìíràn jáde, Six Ages: Ride Like the Wind. Ìbéèrè nípa àwọn baba ńlá ni a tún fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́ṣin tí ń sin òòrùn ni ìdílé inú ti èyí. Ìlú wọn ìgbàanì, Nivorah, ti bọ́ sábẹ́ yìnyín, wọ́n sì sá wá sí àfonífojì kan, níbi tí àwọn ènìyàn ìjì ti di aládùúgbò wọn àti alátakò wọn. Ní ẹnu wọn, Orlanth kì í ṣe olùdáǹdè. Ọ̀tẹ̀ ni, apànìyàn ni, òun ni ó sì fa yìnyín tí ó lé wọn nílé.

Ẹni tí ó bá ti ṣe eré àkọ́kọ́ kí ó tó ṣe èkejì yóò rí ohun tí ó ṣòro fún wa láti fi yé ọmọ nínú kíláàsì. Ìtàn kan náà ni. Òrìṣà kan náà ni. Ikú kan náà ni. Ṣùgbọ́n ibi tí a jókòó sí ni ó ń sọ bóyá akọni ni a ń wò tàbí ọ̀daràn. Ní 2023, Six Ages 2: Lights Going Out jáde, ó sì gba aṣeré láàyè láti kó ìdílé tí ó ti darí nínú Ride Like the Wind wọ inú rẹ̀. Báyìí ni ohun tí aṣeré fúnra rẹ̀ ṣe nínú eré kan ṣe di ohun tí àwọn baba ńlá ṣe nínú òmíràn. Ọmọ àná ti di baba ńlá òní.

Àríwísí méjì

Ọ̀nà méjì ni ẹnì kan lè gbà bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí a ń sọ. Èkíní ni pé kò sí ẹni tí ń yan baba ńlá. Bí a ti bí ni ni a bí ni. Eré tí ó bá ní kí ọmọdé yan ìran tí ó ti wá, irọ́ ni ó ń kọ́ ọ.

Òótọ́ ni pé a kì í yan baba. Ṣùgbọ́n a máa ń yan ohun tí a ó rántí nípa baba. Kò sí ìdílé tí kò ní ju ìtàn kan lọ. Èyí tí àwọn àgbà bá sọ létí ọmọ ni yóò di ìtàn ilé, èyí tí wọ́n bá gbé mì yóò dàwátì. Àwa tí à ń kọ́ni ní oríkì orílẹ̀ mọ èyí dáadáa. Oríkì máa ń sọ ogun tí a ṣẹ́, kì í sábà sọ ogun tí ó ṣẹ́ wa. Ohun tí eré yìí ṣe ni pé ó gbé yíyàn náà síta, sí ojú ọ̀sán. Nínú ayé gidi, yíyàn náà ti wáyé kí a tó bí wa, àwọn tí ó yàn kò sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, èmi kò gbà pé irọ́ ni eré náà ń pa. Ó ń tú àṣírí ni.

Àríwísí kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ni ó dé tí a ó fi kíkó ẹrú síwájú ọmọdé bí ẹni fi oúnjẹ méjì síwájú rẹ̀ pé kí ó mú èyí tí ó wù ú? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìbéèrè náà, inú mi kò dùn sí i. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tí ó kọ ọ́ sọ pé ibi ni. Lẹ́yìn tí mo ti rò ó dáadáa, mo rí i pé bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo aṣeré ni ìbá mú ìdáhùn tí ó dára, tí wọn ìbá sì máa yin ara wọn. Eré náà kò yin ẹnikẹ́ni. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kó ẹrú yóò ní ẹrú lóko rẹ̀, yóò jẹ àǹfààní wọn, yóò sì máa rí wọn nínú ìṣirò ìdílé rẹ̀ lọ́dọọdún. Kò ní í lè sọ pé òun kò mọ̀. Èyí ni ohun tí ìtàn ìdílé níbi gbogbo láyé máa ń sá fún, tiwa náà kò yọ sílẹ̀. A máa ń sọ iye ilẹ̀ tí baba ńlá wa ní. A kì í sọ ẹni tí ó ro ó.

Síbẹ̀, mo fara mọ́ ọn pé eré nìkan kò tó. Ọmọ tí ó bá mú ìdáhùn yẹn nílò àgbà tí yóò bi í pé, "Kí ni ó dé tí o fi mú un?" Kọ̀ǹpútà kò ní í bi í. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọpinpin bí eré ṣe kúrò lórí dáìsì tí kò mọ baba ẹnikẹ́ni, tí ó fi dé orí ìbéèrè tí ó ń béèrè ìtàn ìdílé lódidi. A ti rí i pé nínú King of Dragon Pass, àwọn ìbéèrè ìṣáájú ń kọ́ aṣeré ní ìtàn, wọ́n ń fi ẹ̀jẹ́ dè é, wọ́n sì ń bá a rìn títí dé òpin. A tún ti rí i pé Six Ages gbé ìtàn kan náà sí ẹnu ọ̀tá.

Kí ni èyí kàn wá? Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìbéèrè ìdánwò, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ìbéèrè tí à ń bi àwọn ọmọ nípa ìtàn ìwáṣẹ̀. "Dárúkọ mẹ́ta." "Sọ márùn-ún." "Ta ni ó tẹ ìlú dó?" Ìbéèrè tí ọmọ lè tẹ̀ kọjá ni wọ́n, láìka ohunkóhun sí, kí ó sì gba máàkì. A kò sọ pé kí á pa wọ́n tì, nítorí ẹni tí kò mọ orúkọ kò lè sọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òmíràn tẹ̀ lé wọn: Bí ìtàn yìí bá jẹ́ tiwa, kí ni ó fún wa láàyè láti ṣe? Kí ni ó kọ̀ fún wa? Báwo ni àwọn tí a sọ pé a ṣẹ́gun yóò ṣe sọ ọ́? Ta ni kò sí nínú rẹ̀? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àkọ́sórí ni ó fi mọ ìtàn.

Ní ti ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tún eré náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi ìbéèrè nípa ẹrú, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó yíjú sí mi, ó ní, "Sà, ti ìdílé tiwa ńkọ́, kí ni wọ́n ṣe?" Mo ní kí ó lọ bi bàbá rẹ̀ àgbà. Mo sì ní kí ó má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́.